Ẹni Tó Jìn sí Kòtò: Àyẹ̀wò Ìtàn Ìgbésí Ayé Ara Ẹni àti Ẹ̀kọ́ Inú Rẹ̀

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní, "Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n." Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé a kì í sábà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Kì í ṣe igbe ẹni tó ṣubú ni ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n; kòtò tí ó fojú ara rẹ̀ rí ni. Ó rí ibi tí kòtò náà wà, ó rí bí ó ti jìn tó, ó sì rí bí koríko ti bò ó lójú tí ẹni iwájú kò fi kíyè sí i. Bí ẹni tó ṣubú bá jáde tán, tí ó lọ jókòó sí ibòmíràn, tí ó wá ń ké pé, "Ẹ máa ṣọ́ra o, ayé le," òótọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n ará ẹ̀yìn kò tíì mọ ibi tí kò yẹ kí òun fi ẹsẹ̀ sí.

Òwe yìí ni mo fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n nínú àyẹ̀wò yìí. Ohun tí a ń yẹ̀ wò ni irú ìwé tí ènìyàn fi ń ròyìn ìgbésí ayé ara rẹ̀ fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí, tí ó sì ń fa ẹ̀kọ́ yọ nínú ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń pọ̀ sí i láàrin wa. Ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ń kọ ọ́. Àgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba náà ń kọ ọ́. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n nínú mẹ́wàá tí a bá kà, mélòó ni a ń rántí nígbà tí ọdún bá yípo? Èrò mi ni pé ẹ̀kọ́ tí kò ní ìṣẹ̀lẹ̀ lẹ́yìn kì í pẹ́ lọ́kàn òǹkàwé, bí ó ti wù kí ó jẹ́ òtítọ́ tó. Mo fẹ́ fi iṣẹ́ ènìyàn mẹ́ta ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn: lẹ́tà tí Samuel Àjàyí Crowther kọ ní 1837, ìtàn Sẹ̀gilọlá tí Isaac B. Thomas gbé jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láti 1929 di 1930, àti Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè bí ọ̀rọ̀ yìí ti rí kí ìwé tó dé. Láyé àtijọ́, Yorùbá kì í sábà fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn ara rẹ̀ ní gbangba. Oríkì ni ó ń gbé ìgbésí ayé ènìyàn ró, ẹlòmíràn ni ó sì ń kì í: ìyá rẹ̀, àwọn ìyàwó ilé, tàbí onílù. Lóòótọ́, ọmọge tó ń lọ sí ilé ọkọ a máa sọ ti ara rẹ̀ nínú ẹkún ìyàwó, ọdẹ a sì máa ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí nínú igbó. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ wọ́n ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àgbà tó ń gba àwọn ọmọ ilé níyànjú lálẹ́. Bí ó bá sọ pé ìkánjú kò dára, àwọn tó jókòó tì í mọ oko tí ìkánjú gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá sọ pé kí wọ́n má ṣe fọkàn tán ọ̀rẹ́ jù, wọ́n mọ ọ̀rẹ́ náà, wọ́n mọ ilé rẹ̀, wọ́n sì mọ ọdún tí ìjà náà ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀. Àgbà kò nílò láti gbé e wá.

Ìwé yí gbogbo èyí padà. Ẹni tó ń kàwé ní Ìbàdàn kò mọ ẹni tó kọ ọ́ ní Èkó. Kò rí ojú rẹ̀, kò gbọ́ ohùn rẹ̀, kò sì lè bi í ní ìbéèrè. Àwọn kan lè sọ pé àgbà kò nílò ẹ̀rí, pé ewú orí rẹ̀ tó. Ó tó fún àwọn tó ń rí ewú náà. Ìwé kò ní ewú. Ohun tí ará ilé ti mọ̀ kí àgbà tó lanu ni òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ kó sínú ìwé rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu àjèjì ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ yóò jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo Crowther. Nígbà tí ó kọ lẹ́tà yìí ní oṣù kejì ọdún 1837, ní Fourah Bay ní Sàró, kò tíì di bíṣọ́ọ̀bù, olùkọ́ ni. William Jowett, akọ̀wé ẹgbẹ́ ajíhìnrere C.M.S., ni ó kọ ọ́ sí, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì fi kọ ọ́. Nítorí náà a kò lè kà á mọ́ lítíréṣọ̀ èdè wa, ṣùgbọ́n ọmọ wa ni ó kọ ọ́, ìlú wa ni ó sì ṣẹlẹ̀. Ó ròyìn bí ogun ti kó Òṣogùn, ìlú rẹ̀, ní 1821. Ó ní òwúrọ̀ ni, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án. Àwọn ènìyàn ń se oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́ láìfura, kí ariwo tó sọ pé ọ̀tá ti dé. Wọ́n fi okùn sí i lọ́rùn. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin, nígbà tí ó sì tó bí oṣù méjì, wọ́n dá ẹṣin náà padà, ọmọ ènìyàn sì tún padà sọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ní in. Nígbà tó yá, ẹ̀rù àwọn òyìnbó tó ń ra ẹrú bà á tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń gbìyànjú lóru láti fi ọ̀já ara rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbà á láti fún okùn náà dópin. Ní 1822 ni ọkọ̀ ogun ojú omi Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba òun àti àwọn yòókù sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì kó wọn lọ sí Sàró.

Ẹ̀kọ́ tí Crowther fà yọ nínú gbogbo èyí ni pé ọjọ́ ìbànújẹ́ náà di ọjọ́ ìbùkún fún òun lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yìí nìkan ni ó kọ, a ó sọ pé onígbàgbọ́ ni, ohun tí onígbàgbọ́ ń sọ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tó wà lórí iná kò jẹ́ kí a lè kọjá lára rẹ̀ bẹ́ẹ̀. A mọ ohun tí òwúrọ̀ jẹ́ nínú agbo ilé. A mọ bí èéfín ti ń rú. Ọmọ tí wọ́n fi pààrọ̀ ẹṣin, tí ẹṣin náà kò sì tẹ́ ẹni tó gbà á lọ́rùn, kò nílò láti ṣàlàyé fún wa pé òwò ẹrú burú. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, kò fi òru àìnírètí rẹ̀ pamọ́. Nítorí pé a rí i pẹ̀lú ọ̀já lọ́wọ́, ọpẹ́ tí ó dú ní ìkẹyìn wúwo. Ènìyàn lè má gba ẹ̀kọ́ náà gbọ́. Ó lè ní kò sí ìbùkún kan tó lè san gbèsè Òṣogùn. Ṣùgbọ́n lẹ́tà náà fúnra rẹ̀ ni ó fún un ní ohun tí yóò fi bá a jiyàn. Àmì àkọ́kọ́ nìyí tí a fi ń mọ ìtàn ara ẹni tó yè kooro: ó ń fún òǹkàwé ní ìmọ̀ tó pọ̀ tó láti kọ ẹ̀kọ́ inú rẹ̀.

Ìtàn Sẹ̀gilọlá yàtọ̀ sí èyí. Láti oṣù keje 1929 títí di oṣù kẹta 1930 ni lẹ́tà rẹ̀ ń jáde nínú Akéde Èkó, ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí Thomas ń ṣe olóòtú rẹ̀. Arúgbó obìnrin kan ni ó ń sọ̀rọ̀. Ó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, ó ní òun ti fi ẹwà òun kó ọkùnrin jọ ní Èkó, àìsàn àti òṣì ni ó sì gbẹ̀yìn rẹ̀. Kí ó tó kú, ó fẹ́ ròyìn ayé rẹ̀ kí àwọn ọmọge lè fi ṣe àríkọ́gbọ́n. Olóòtú fúnra rẹ̀ ni ó hun ìtàn náà, ṣùgbọ́n nínú ìwé ìròyìn kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i bí òǹkọ̀wé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kà á sì gbà pé obìnrin náà wà láàyè. Ní 1930 ó di odindi ìwé. Àwọn onímọ̀ kà á sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, Karin Barber sì tún un gbé jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 2012.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí a kíyè sí nínú rẹ̀. Èkíní ni ohun tí kíkọ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ṣe fún un. Ẹni tó ń kọ ìwé ayé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lè dúró dé òpin kí ó tó wí ohun tí ayé kọ́ ọ. Ẹni tó ń kọ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò ní àǹfààní bẹ́ẹ̀: àwọn òǹkàwé ń dúró, ó sì gbọ́dọ̀ fún wọn ní ìṣẹ̀lẹ̀ kan àti ìkìlọ̀ kan kí ọjọ́ tó pé. Èyí ní èrè tirẹ̀, nítorí pé ìkìlọ̀ kọ̀ọ̀kan ń so mọ́ ohun kan pàtó tó ṣẹlẹ̀. Ó sì ní ewu tirẹ̀, nítorí pé ẹkún àti àbámọ̀ náà ń padà wá ṣáá, bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, títí ó fi dà bí orin tí a ti mọ ègbè rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń ka ìwé náà pọ̀ lónìí yóò rí i pé ó rọrùn láti fo àwọn ìpínrọ̀ ẹkún kọjá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò fo Èkó inú rẹ̀: àdúgbò tí a lè fi ẹsẹ̀ rìn dé, aṣọ, àríyá, àti orin tí àwọn ará ìlú ń kọ nígbà náà.

Àwọn kan ti rí i pé arúgbó náà ń gbádùn ìrántí rẹ̀ jù, pé ohùn rẹ̀ ń dùn nígbà tó yẹ kí ó korò, wọ́n sì lè rò pé èyí ba ẹ̀kọ́ ìwé náà jẹ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀nà náà kò bá dùn, ta ni ìbá gbà á? Oníwàásù tó bá sọ fún ọ̀dọ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ kò ní adùn kankan ti pàdánù ọ̀dọ́ náà ní ọjọ́ tí ó bá tọ́ ọ wò. Sẹ̀gilọlá kò purọ́ bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ kí a mọ bí ó ti dùn tó, ó sì jẹ́ kí a mọ iye tí ó san. Nítorí náà ni ìkìlọ̀ rẹ̀ fi ní ìwọ̀n.

Ohun kejì ni ibi tí mo ti ní ẹjọ́ pẹ̀lú ìwé náà. Nínú orúkọ tí ìwé náà fún un, ó jẹ́ ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ láyé. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ni ìkìlọ̀ kọjú sí jù lọ, ara obìnrin kan ni ìjìyà sì dé sí. Bí ẹgbẹ̀rún ọkùnrin bá gba ojú ọ̀nà kan kọjá, tí obìnrin kan ṣoṣo sì jìn sí kòtò níbẹ̀, ó yẹ kí a béèrè ẹni tó gbẹ́ kòtò náà. Ìṣẹ̀lẹ̀ inú ìwé náà fẹ̀ ju ẹ̀kọ́ tí Thomas fà yọ nínú rẹ̀ lọ. Ó fi ọkùnrin tó ní owó hàn wá, ó fi ìlú tó ń pàtẹ́wọ́ fún ẹwà hàn wá, ṣùgbọ́n nígbà tó di àkókò ìdájọ́, ẹnìkan ṣoṣo ni ó pè wá sí iwájú. Kí a sì má gbàgbé pé ọkùnrin ni ó ń fi ohùn obìnrin sọ̀rọ̀. Ó rọrùn fún un láti jẹ́ kí obìnrin náà dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Àmì kejì nìyí: ẹ̀kọ́ tí a bá fà yọ gbọ́dọ̀ gba gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ náà wọlé, kì í ṣe apá tó wu oníwàásù nìkan.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ìtàn àròsọ ń wá láàrin ìtàn ìgbésí ayé. Ìdáhùn ni pé àwọn òǹkàwé 1929 kà á bí ìgbésí ayé, ó sì kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ̀wé lẹ́yìn rẹ̀ bí Yorùbá ti lè dún nígbà tí ènìyàn bá ń sọ ti ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n àǹfààní tí Thomas ní kò sí fún ẹni tó bá fi orúkọ ara rẹ̀ kọ ti ara rẹ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dá kòtò sílẹ̀ níbi tí kò sí, kí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lè dùn gbọ́.

Ẹni kẹta ni Fágúnwà. Nínú Ògbójú Ọdẹ, Àkàrà-oògùn wá bá òǹkọ̀wé ní ilé rẹ̀, ó ní kí ó mú gègé àti ìwé, kí ó kọ ìtàn ayé òun sílẹ̀, kí òun má baà kú kí ìtàn náà sì kú pẹ̀lú òun. Lọ́jọ́ kejì àwọn olùgbọ́ ti pọ̀, wọ́n sì ń pọ̀ sí i. Fágúnwà, tó jẹ́ olùkọ́ títí ó fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà, kì í fi ìwàásù pamọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti bá a wí nítorí rẹ̀. Ìbáwí náà kò ṣe déédéé ní gbogbo ọ̀nà. Ẹ wo apá méjì nínú ìwé yìí. Nínú ìrìn àjò àkọ́kọ́, Àkàrà-oògùn tó gbẹ́kẹ̀ lé oògùn rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀dá inú igbó kan tó gùn ún bí ẹni gun ẹṣin. Kò sí ẹni tó ka ibẹ̀ tó nílò ìwàásù lórí ìgbéraga. Ọdẹ tó ń fi oògùn yangàn ti di ẹran ìgùn. Lẹ́yìn náà ni ilé Ìrágbèje, níbi tí àwọn ọdẹ ti jókòó fún ọjọ́ méje tí wọ́n ń gbọ́ ìmọ̀ràn. Níbẹ̀ ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀ sí wọn. Etí nìkan ni wọ́n lò.

Síbẹ̀ ilé Ìrágbèje kò sú ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ìdí méjì ló wà. Èkíní ni pé Ìrágbèje fúnra rẹ̀ ń fi ìtàn gbe ìmọ̀ràn rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Èkejì ni pé èdè Fágúnwà jẹ́ àsè fúnra rẹ̀. Bí ó ti ń to ọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀, adùn rẹ̀ ń gbé wa lọ kí a tó mọ̀ pé ìbáwí ni a ń gbọ́. Àwọn tó fẹ́ràn Fágúnwà ti mú ìwàásù lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n sì gbàgbé pé ẹ̀bùn èdè ni ó gbé ìwàásù náà dúró. Ẹni tí kò ní irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀, tí ó sì ń wàásù fún ojú ewé mẹ́wàá, yóò bá ara rẹ̀ nínú ilé Ìrágbèje láìsí Ìrágbèje.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní ilé ẹ̀kọ́ ju bí a ti rò lọ. Bí a bá parí ìtàn kan fún àwọn ọmọ, ohun tí a kọ́kọ́ ń béèrè ni, "Kí ni ẹ̀kọ́ tí ìtàn yìí kọ́ wa?" Bí a bá ní kí wọ́n kọ àròkọ lórí "Ọjọ́ Tí N Kò Lè Gbàgbé," wọ́n ti mọ ohun tí olùkọ́ ń fẹ́. Wọ́n á kọ́kọ́ wá ẹ̀kọ́ tó bójú mu, wọ́n á sì wá ìjàǹbá ọkọ̀ tàbí olè tó bá ẹ̀kọ́ náà mu. Ọmọ tí ojú rẹ̀ ti rí ohun ńlá nílé, tí ìyá rẹ̀ ta aṣọ kí òun lè san owó ilé ìwé, yóò fi èyí sílẹ̀, yóò sì lọ hun ìjàǹbá tí kò rí rí, nítorí pé a ti kọ́ ọ pé ayé tirẹ̀ kéré. Ìpalára gidi nìyí, àwa olùkọ́ ni a sì lè tún un ṣe. Kí a bi ọmọ náà pé: Aṣọ wo ni? Èló ni wọ́n tà á? Kí ni ìyá rẹ sọ nígbà tó dé láti ọjà, àbí kò sọ ohunkóhun? Nígbà tí ó bá kọ èyí tán, kí a jẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ẹ̀kọ́ tí wọ́n rí. Bí ẹnu wọn kò bá kò, kò burú. Ohun tó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn.

N kò sọ pé kí a pa ìmọ̀ràn tì. Yorùbá tí kò gbani níyànjú kì í ṣe Yorùbá mọ́, ẹni tó sì ti jìyà ní ẹ̀tọ́ láti sọ ohun tí ìyà kọ́ ọ. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni ètò: kí ìṣẹ̀lẹ̀ ṣíwájú, kí ẹ̀kọ́ tẹ̀lé e, kí ẹ̀kọ́ náà má sì tóbi ju ìṣẹ̀lẹ̀ tó bí i lọ. Crowther ṣe èyí nínú lẹ́tà kan. Sẹ̀gilọlá ṣe é ní ọ̀sẹ̀ tí ó bá rántí Èkó, ó sì kùnà ní ọ̀sẹ̀ tí ó bá ń sunkún lásán. Àkàrà-oògùn ṣe é nígbà tí ẹ̀dá igbó gùn ún.

Iṣẹ́ kan wà nínú èyí fún ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa. Nígbà tí ẹ bá lọ sílé fún ìsinmi, ẹ jókòó ti àwọn ìyá àti bàbá wa àgbà tó kù nílé, kí ẹ sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀ ní èdè tí wọ́n fi sọ ọ́. Wọ́n á fẹ́ fún yín ní ìmọ̀ràn. Ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi sùúrù béèrè ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀, ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, àti ẹni tó wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń dáhùn, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀, nítorí pé àwọn tí yóò ka ìwé yín lọ́la kò ní bá wọn nílé láti bi wọ́n.